Oṣù Tí Bàbá Nìkan Rí

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó pàdé mi lọ́jà Ṣáṣá tí kì í bi mí pé, "Tíṣà, kí lẹ mú bọ̀ fún wa?" Bí mo bá ní n kò mú nǹkan kan bọ̀, wọ́n á ní ahun ni mí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mú bọ̀ kò ṣeé dì sínú báàgì. Ìdáhùn ìbéèrè kan ni, ìdáhùn tí n kò fẹ́ gbé wálé rárá. Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì yéé bi mí ní ṣokoléètì.

Ẹrù tí wọ́n gbé lé mi lórí

Sídíkátù ni orúkọ mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Akínyẹlé, ṣùgbọ́n Abà Ìdí-Ọsàn, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni bàbá mi. Bàbá Olóṣù ni gbogbo abà ń pè wọ́n, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń bá wa wo oṣù ààwẹ̀. Bí oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀ bá ti pé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, tí oòrùn wọ̀, Bàbá á gun àpáta tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, gbogbo wa á sì dúró nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti kígbe pé, "Mo rí i," àwọn obìnrin ti ń lọ rẹ ẹ̀wà sàárì nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọdún mìíràn wà tí wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n á ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń dàgbà sí i, n kò gbọ́ ìyẹn mọ́. Lọ́dọọdún ni Bàbá ń rí oṣù.

Léṣìí, Bàbá nìkan ló rí i. Akínyẹlé kò rí i, Ìbàdàn kò rí i, rédíò kò sọ nǹkan kan. Àwa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì nítorí Bàbá ti wí. Nígbà tí tiwa pé ọgbọ̀n, a wọ aṣọ, a kírun Ìtúnu, a jẹ ìrẹsì àti adìyẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Akínyẹlé tí ń kọjá lórí ọ̀kadà ṣì wà lẹ́nu ààwẹ̀, wọ́n ń wò wá bí ẹni tó ń wo wèrè. Bí Bàbá bá rí oṣù lóòótọ́, ìyẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Bí wọn kò bá rí i, tọmọdé tàgbà abà wa ló jẹun nínú oṣù ààwẹ̀ ní ọ̀sán gangan, a sì jẹ Ọlọ́run ní gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ kan.

Lúkúmọ́nù tó ń tún fóònù ṣe ní oríta, tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀dọ́ abà, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ó mú fóònù rẹ̀ wá, ó ní fóònù fi hàn pé kò sí oṣù kankan lójú sánmà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bàbá ní, "Fóònù ò lójú."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó."

"Mo ní kò lójú. Èmi ni mo wo ojú sánmà." Wọ́n ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, wọ́n sì búra níwájú gbogbo èèyàn pé àwọn rí i, tẹ́ẹ́rẹ́ funfun, níwọ̀ oòrùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé nígbà tí àwọn tó ń wádìí ojú sánmà ní Gúúsù Áfíríkà pe àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì mélòó kan láti orílẹ̀-èdè káàkiri, tí orúkọ mi sì wà níbẹ̀. Inú mi dùn títí Bàbá fi pè mí síta níṣojú Lúkúmọ́nù. "Sídí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo sánmà lo ń lọ yìí. Bi wọ́n bóyá mo rí oṣù lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ní mi ò rí i, n ò ní gun àpáta mọ́."

Lúkúmọ́nù ní, "Ó parí, Bàbá. A ó dúró de Àǹtí."

Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo fẹ́. Inú bí mi. Bàbá ẹni búra tán, wọ́n wá ní kí ọmọ lọ mú ìdájọ́ wá láti òkè òkun. Ta ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí?

Ẹnubodè

Ìlú Kéépù Táònù ni bàálù já wa sí. Bí ọ̀gbẹ́ni tó jókòó lẹ́nubodè ti rí ìwé ìrìnnà mi tó ní àwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá wo ìràwọ̀."

"Kò sí ìràwọ̀ ní Nàìjíríà ni?"

Bó bá jẹ́ kíláàsì mi ni, mo mọ ohun tí n bá sọ fún un. Mo gbé e mì. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan pẹ̀lú àwọn ará Kóńgò méjì àti ọmọ Ìbò kan tó ń ka Bíbélì láìgbójú sókè. Wọ́n tú ẹrù mi. Obìnrin kan fi ọwọ́ bu gààrí mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ láti wá gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n bi mí ní ohun kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà títí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì ara mi. Mo ronú pé bí wọ́n bá dá mi padà, n kò ní ìdáhùn mú lọ fún Bàbá, ẹ sì dárí jì mí, ibì kan nínú mi fẹ́ kí wọ́n dá mi padà.

Obìnrin kan ló wá gbà mí sílẹ̀. Nómfúlà ló ń jẹ́, ọmọ ẹ̀yà Kọ́sà, òun ni wọ́n yàn láti máa mú àwa olùkọ́ káàkiri. Ó wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì, ó gbá mi mọ́ra bí ẹni tí a jọ dàgbà, ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Nígbà tí a jáde, ó ní kí n máà bínú. Mo ní n kò bínú. Irọ́ ni.

Ìlú tí kò lójò

Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n gbé wa lọ, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé ọ̀dá mú àgbàdo yín, ẹ kò tíì rí ọ̀dá. Ilẹ̀ náà pupa, ó ń lọ láìlópin, kò sí igi kan tó ga tó èèyàn, àgùntàn nìkan ló ń rìn káàkiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ wọn lọ síbẹ̀ nìyẹn, nítorí pé kò sí èèyàn, kò sí ariwo.

Ọ̀gá àgbà wọn, òyìnbó olórí ewú kan, ló wá kí wa káàbọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i bí ọmọlúàbí. Bàbá náà ta gìrì, òun náà kúnlẹ̀, ó ń bá mi wá ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi nílẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pe orúkọ rẹ̀ gán-án, wọ́n sì ń sọ fún un lójú rẹ̀ pé ohun tó wí kò tọ̀nà. Ó ń mi orí, ó ní kí wọ́n fi hàn òun. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ti rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sílé.

Ilé ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Táńtí Sàná ni wọ́n fi mí sí. Ó gbé oúnjẹ wá, ó ní pápù ni. Mo wò ó, tùwó àgbàdo ni. Ẹran àgùntàn wà lórí rẹ̀, funfun báláú, láìsí ata. Mo béèrè ẹni tó pa ẹran náà àti bó ṣe pa á, mo sì rò pé yóò bínú. Kò bínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ìkòkò tuntun kan sórí tábìlì, ó ní, "Ìkòkò yìí ò mọ ẹlẹ́dẹ̀ rí. Tìrẹ ni títí wàá fi lọ." Ẹja àti ẹyin ló fi ń bọ́ mi lẹ́yìn náà. Èmi náà fún un ní ata gbígbẹ mi tọ́ wò. Ó sáré lọ síbi omi, ó ń pe Jésù. Bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Wọ́n gba fóònù mi

Kí a tó wọ ibi iṣẹ́ gan-an, ohùn Lúkúmọ́nù wọlé sórí fóònù mi. "Àǹtí, a ti fi ìpàdé ọ̀rọ̀ oṣù náà sí Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀. Ara Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ yá, wọ́n ṣubú lójú ọ̀nà oko. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

Mo ń tẹ nọ́ńbà ilé lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ na apẹ̀rẹ̀ sí mi pé kí n ju fóònù sínú rẹ̀. Fóònù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Nómfúlà ní ohun tí irin-iṣẹ́ àwọn ń gbọ́ kéré débi pé bí fóònù kan bá dún nítòsí, ó dà bí ẹni tó pariwo sí etí ọmọ tó ń sùn. Bí mo ti ju fóònù àti ìròyìn Bàbá tó ṣubú sínú apẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ti dìde.

Etí ńlá

Nígbà tí mo gbọ́ pé awò awọ̀nàjíjìn ni, mo rò pé wọn á ní kí n fi ojú wò ó. Rárá o. Àwo funfun gbàgàdà-gbàgàdà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju mọ́ṣáláṣí wa lọ, wọ́n tò lọ nínú aṣálẹ̀, gbogbo wọn kọjú sókè. Wọn kì í wò. Ńṣe ni wọ́n ń gbọ́. Mo rántí Bàbá pé fóònù ò lójú, mo ní nínú ara mi pé, ẹ gbà mí, àwọn yìí pàápàá ò lójú.

Ìrọ̀lẹ́ ni Nómfúlà máa ń bá wa sọ̀rọ̀, a ó jókòó sórí àpáta, òtútù á máa bù wá jẹ. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ń rìn ni, kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ mìíràn tí a ń wò ti gbéra kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Ìbàdàn dó. Ẹni tó bá wo ọ̀nà jíjìn, àtijọ́ ló ń wò. Ẹni tó bá wo ibi tó jìn jù lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń wò.

Ó sọ ìbẹ̀rẹ̀ náà fún wa. Ó ní gbogbo ohun tó wà lónìí ti wà pa pọ̀ rí, ó há, ó gbóná kọjá iná tí a mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, bó ti ń fẹ̀ ló ń tutù. Òkùnkùn wà fún ìgbà pípẹ́, kò sí ìràwọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà ni èéfín tó tàn káàkiri bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ níbì kọ̀ọ̀kan, ó há mọ́ra títí ó fi gbiná, ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tàn. Inú ìràwọ̀ ni irin ti jinná. Nígbà tí ìràwọ̀ ńlá bú, ó fọ́n irin náà ká, ara rẹ̀ ló di ilẹ̀ ayé, òun ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, òun náà ló wà lẹ́nu ọkọ́. Mo ronú kan ọkọ́ Bàbá tí yóò ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko, mo fẹ́ sunkún.

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú àṣìṣe. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ayé gbà pé ilẹ̀ dúró sójú kan, tí oòrùn àti ìràwọ̀ ń yí i po. Ọkùnrin kan wá ki gíláàsì bọ inú ọ̀pá, ó fi wo Àgùàlà, ìràwọ̀ tó ń tàn jù lọ nírọ̀lẹ́. Ó rí i pé ó ń dín, ó ń kún, bí oṣù gan-an. Ìyẹn ló jẹ́ kó dá a lójú pé oòrùn ni Àgùàlà ń yí po, kì í ṣe àwa. Àwọn olórí ẹ̀sìn rẹ̀ ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, wọ́n sé e mọ́lé títí ó fi kú. Obìnrin kan tí wọn kò jẹ́ kó fi awò wo nǹkan fúnra rẹ̀ ló rí ọ̀nà tí a fi ń wọn bí ìràwọ̀ ṣe jìn tó. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wí pé, bí ohun gbogbo bá ń sá jìnnà síra wọn, wọ́n ti wà lójú kan rí. Nígbà tó yá, àwọn méjì kan ní Amẹ́ríkà gbọ́ ariwo ṣàà kan tí kì í dákẹ́ nínú irin-iṣẹ́ wọn. Wọ́n rò pé ìgbẹ́ ẹyẹlé ló fà á. Wọ́n lé ẹyẹlé, wọ́n fọ ìgbẹ́, ariwo kò lọ. Ooru ìbẹ̀rẹ̀ ayé tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń gbọ́.

"Kí ló wà ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ náà?" ni mo bi í.

"A ò tíì mọ̀."

Mo pòṣé. Pẹ̀lú gbogbo irin yìí? Ó ní, "Ẹni tí ò bá lè sọ pé òun ò mọ̀, a kì í gbà á síbí." Ó wí i jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó bá mi lára. N kò tíì béèrè ohun tí wọ́n rán mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí ẹnu, ojoojúmọ́ ni mo ń béèrè nǹkan mìíràn.

Mo béèrè

Ọjọ́ tí a ó kúrò níbẹ̀ ni mo tó lọ bá Nómfúlà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àpáta, Kùránì, ìrẹsì Ìtúnu, Lúkúmọ́nù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ọjọ́ náà àti orúkọ abà wa, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀-oòrùn Akínyẹlé yọ lójú kọ̀ǹpútà, bó ṣe rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Oòrùn ti wọ̀. Mo wá oṣù títí.

"Ó ti ṣáájú oòrùn wọ̀," ló wí.

"Ṣé ó mọ Akínyẹlé dáadáa? Wo Ìbàdàn."

Ó wo Ìbàdàn. Ó wo Ọ̀yọ́. Ó tilẹ̀ wo Màkà nítorí mi. Oṣù kò sí níbì kankan. Ohun kan ṣoṣo ló ń tàn ní ìwọ̀-oòrùn níbi tí Bàbá na ọwọ́ sí, Àgùàlà ni. Nómfúlà mú un sún mọ́ wa, ó sún mọ́ wa sí i. Ó ti dín, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọdọrọ, bí oṣù tuntun.

"Ojú lásán ò lè rí i báyìí," ló wí. "Ṣé ojú bàbá yín ṣì mọ́?"

Ìgbà náà ni mo rántí. Bàbá tí ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Bàbá tó sọ pé iná àtùpà ní ìrù méjì. Bàbá tó ṣubú lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń tọ̀ láti ìgbà èwe. Awọ ti ń bo ojú wọn, gbogbo wa sì ń pè é ní ọjọ́ ogbó. Ojú tó ń fa ìmọ́lẹ̀ nà ló sọ Àgùàlà di oṣù fún wọn. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi Kùránì búra.

Mo sunkún níwájú àjèjì. Nómfúlà di ọwọ́ mi mú, kò sọ pé kí n dákẹ́.

Ilé

Láti Ṣáṣá ni mo ti gun ọ̀kadà, eruku ọyẹ́ gba gbogbo ojú mi. Ọjọ́bọ̀ ni, ìpàdé ku ọ̀la. Lójú ọ̀nà, mo ti to irọ́ kan jọ, irọ́ tó dùn: wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò dá àwọn lójú, ó ṣeé ṣe kí Bàbá rí i. Ta ni yóò lọ sí Gúúsù Áfíríkà lọ yẹ̀ ẹ́ wò?

Bàbá wà lórí ẹní lójúde, wọ́n fi aṣọ di orúnkún. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n gbà mí mọ́ra, wọ́n ní kí wọ́n fún mi lómi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Rárá. Pe Lúkúmọ́nù wá. Níṣojú rẹ̀ ni mo ti rán ọ."

Lúkúmọ́nù dé, ó jókòó sórí ìdérí kànga, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Irọ́ mi wà létè. Bàbá kọjú sí mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ orí mi ni wọ́n ń wò.

"Àgùàlà ni, Bàbá," ni mo wí. "Oṣù ti wọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Àgùàlà lẹ rí." Mo wá sáré sọ ìyókù, pé Àgùàlà pàápàá rí bí oṣù nínú awò, pé ojú wọn ló ń ṣú, pé iṣẹ́ abẹ wà tó lè wò ó sàn.

Adìyẹ kan kọjá láàárín wa. Mo rò pé Bàbá á lé mi.

"Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Bàbá mi ló kọ́ mi ní ìyẹn lórí àpáta yẹn." Wọ́n fi ọwọ́ pa ojú. "Mo bọ́ gbogbo abà lóúnjẹ nínú ààwẹ̀, mo sì fi Kùránì jẹ́rìí sí i."

Lúkúmọ́nù tó ti ń wá ọjọ́ yìí láti èṣí, ìdọ̀bálẹ̀ ló bá dé. "Bàbá, ẹ má sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Èmi ni máa sọ ọ́, máa ní àwa ọ̀dọ́ la kà á ṣì."

"O ò ní í purọ́ nítorí mi," ni Bàbá dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n sọ ọ́ láìdín. Ẹnì kan pariwo, ẹnì kan jáde. Bàbá ní àwọn yóò gba ààwẹ̀ ìtánràn fún ìbúra tí àwọn fi àṣìṣe ṣe, àwọn yóò sì san ọjọ́ tí a jẹ, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Ní sàárì ọ̀la yẹn, mo jáde síta kí n lọ gbé omi. Iná ń jó ní agboolé wa, ó ń jó ní agboolé Lúkúmọ́nù, ó ń jó títí dé ìdí igi ọsàn.

Lórí àpáta

Nígbà tí ọjọ́ wíwo oṣù dé, Bàbá kọ̀, wọ́n ní àwọn ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní gun àpáta mọ́. Lúkúmọ́nù ní, "Ẹ ò ní dá gùn ún, Bàbá. Ẹ fún wa lẹ́nu yín, a ó fún yín lójú wa." Ó mú apá kan, mo mú ìkejì.

Gbogbo abà wà nísàlẹ̀. Àwọn obìnrin ti rẹ ẹ̀wà. Oòrùn wọ̀ sínú eruku.

"Kí ni mò ń rí tó ń tàn yẹn, Sídí?"

"Àgùàlà ni, Bàbá."

"Oṣù ńkọ́?"

Mo wò títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ rí i. Ọlọ́run mọ̀ bí mo ṣe fẹ́ rí i fún wọn. "N ò rí i."

"Èmi náà ò rí i," ni Lúkúmọ́nù wí.

Bàbá dúró pẹ́, ojú wọn kò kúrò lára ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn nìkan ń rí. Mo di apá wọn mú girigiri. Ẹ̀rù bà mí pé ẹnu tó ti mọ ohùn kan náà lọ́pọ̀ ọdún yóò tún kígbe rẹ̀. Wọ́n wúkọ́.

"Ẹ̀yin ará mi, a ò rí i o. Ẹ lọ jẹun yín."

Nísàlẹ̀, ìyá kan dáhùn pé, "Ẹ ṣé o, Bàbá Olóṣù," a sì rọra bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.